Ta ló ti rí Ìlera Èkó gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìkòròdú yìí? Ẹ wá là mí lọ́yẹ̀

Ìyá Bísọ́lá, Ẹ̀bùtè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹja yíyan ni mò ń tà. Bísọ́lá, àkọ́bí mi, ti lóyún oṣù mẹ́rin, bíríkìlà sì ni ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pè é sí iṣẹ́ ló tó ń rówó. Ìyá tó bí mi náà wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ wọn lápá gbé 190 lórí 110 jáde. Wọ́n kọ oògùn, wọ́n kọ àyẹ̀wò mẹ́rin. Mo san ti káàdì, mo san ti àyẹ̀wò méjì, owó tí mo fẹ́ fi kó ẹja lọ́jọ́ kejì ti tán nìyẹn.

Mo wá gbọ́ lọ́jà pé ìjọba Èkó ní ètò kan fún àwa tí a ò ní, Ìlera Èkó ni wọ́n ń pè é. Ẹnìkan ní ọ̀fẹ́ ni, ẹlòmíràn ní èèyàn ń sanwó. Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ wá sí ìsọ̀ wa lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí n mú 5,000 wá kí òun fi orúkọ mi sínú ti ọ̀fẹ́. Mo ní kó padà wá lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀nà hàn mí kó tó padà dé.

Bàbá Kẹ̀kẹ́, Ṣágámù Road

Màmá, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ ti ọ̀fẹ́, kí ni 5,000 fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi tú àṣírí ara rẹ̀.

Ọmọ Ìmọ̀tà

Irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ àwa náà. Ó so káàdì mọ́ ọrùn, ó gbé fáìlì dání. Àbúrò mi san 3,000. Láti ìgbà yẹn, fóònù rẹ̀ kò dún mọ́.

Tíṣà Igbógbó

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, Màmá. Ọ̀nà méjì ló wà, ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ra ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń rí mú.

Ọ̀nà kìíní ni èyí tí èèyàn ń sanwó sí fúnra rẹ̀. Òfin rẹ̀ ti wà láti 2015, àmọ́ oṣù Kejìlá 2018, lásìkò Gómìnà Ambode, ni wọ́n tó ṣí i fún aráàlú. LASHMA ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà ni ẹnì kan ń san fún ọdún kan gbáko, 40,000 sì ni ti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà: bàbá, ìyá, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Iye yẹn ti gòkè, ẹ má fi ti àtijọ́ ṣètò o. Ẹ béèrè iye òní kí ẹ tó tú owó sílẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ san án, inú àkáǹtì ètò náà ni owó ń lọ, rìsíìtì á sì jáde. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ gbà á ní ìsọ̀ ẹja.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí ẹ̀yin ń wá. Òfin 2015 yẹn ló ní kí ìpínlẹ̀ Èkó máa yọ náírà kan sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tó bá wọ àpò rẹ̀, kí wọ́n fi sanwó ìtọ́jú fún ẹni tí kò ní. Equity Fund ni wọ́n ń pè é. Àpò mìíràn tún ń bọ̀ láti Àbújá. Òfin ìlera 2014 ló dá a sílẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ ni òun náà, wọ́n sì pín in gba ọ̀nà bíi mélòó kan. Apá tó gba ọ̀dọ̀ NHIA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò adójútòfò ìlera, ni wọ́n fi ń tọ́jú aláìní ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti ẹni tí kò rí jẹ rárá ni wọ́n ní kí wọ́n fi ṣíwájú.

Ẹ ka ara yín wò, Màmá. Aláboyún wà nílé yín. Arúgbó wà nílé yín. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀.

Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe Jẹ́nẹ́rà. Ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó Ìlera Èkó níbẹ̀. Ẹ má sọ pé "mo wá gba fọ́ọ̀mù". Ẹ sọ pé "mo fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ aláboyún àti arúgbó sílẹ̀ fún ti aláìní". Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n mọ̀. Ẹ mú NIN gbogbo yín dání.

Aláròyé

Tíṣà, ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ó rọrùn. Mo ti sanwó fún ọdún kan rí. Mo dé ilé ìwòsàn tí mo yàn, wọ́n ní oògùn tán. Mo padà lọ, ó tún tán. Lẹ́ẹ̀kẹta mo rí ẹni tó wà níwájú mi tó fi owó rẹ̀ ra oògùn kan náà lójú fèrèsé yẹn. Ẹni tó sanwó rí oògùn, ẹni tó mú káàdì wá ni tirẹ̀ tán. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó ní ẹ̀yìn fèrèsé tí Aláròyé ń sọ yẹn rí.

Bí owó ṣe ń rìn nìyí. Fún orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá wà lórí ìwé ilé ìwòsàn kan, wọ́n ń san owó kékeré fún wọn lóṣooṣù, bí ẹni náà wá o, bí kò wá o. Kapitéṣọ̀n la ń pè é níbi iṣẹ́. Owó yẹn ni wọ́n fi ń rí dókítà, oògùn ibà, àyẹ̀wò kékeré, gbogbo ìtọ́jú ojoojúmọ́. Tí àìsàn bá wá ju agbára wọn lọ, iṣẹ́ abẹ ni o, tàbí kí wọ́n ta yín látaré sí ilé ìwòsàn ńlá, owó ìyẹn yàtọ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ètò náà, kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n tó lè rówó rẹ̀ gbà lẹ́yìn.

Nǹkan méjì ló ń tinú èyí jáde. Àkọ́kọ́: ẹni tó fi orúkọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹdè, tó wá já wọ òmíràn ní Sábó, wọn kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ ní Sábó. Wọn kì í ṣe ìkà. Orúkọ yín ni kò sí lọ́dọ̀ wọn. Èkejì, èyí tí wọn kì í fẹ́ ká sọ síta: ilé ìwòsàn tí orúkọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, owó oṣooṣù rẹ̀ kò lè tó ra oògùn. Tí ogún èèyàn péré bá fi orúkọ sílẹ̀, tí mẹ́jọ nínú wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, gbèsè nìyẹn. Ìgbà náà ni oògùn máa ń "tán" fún ẹni tó mú káàdì wá. Kò dára, n kò sì gbè é. Àmọ́ tí ẹ bá mọ ibi tó ti ń wá, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ó yàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan ilé ìwòsàn, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tó bá mú káàdì Ìlera Èkó jáde, kí ẹ wo ojú tí wọ́n fi wò ó. Ẹ wò ó bóyá ó gbé oògùn jáde tàbí ìwé tí wọ́n kọ oògùn sí. Ìyẹn á sọ òtítọ́ fún yín ju pátákó tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà lọ.

Aláròyé

Mo gbọ́, Màmá. Kí ni mo wá lè ṣe nígbà tí wọ́n sọ pé ó tán?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ètò náà ní àkọsílẹ̀ oògùn tirẹ̀. Ẹ béèrè pé, "Ṣé oògùn yìí wà nínú àkọsílẹ̀?" Tó bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní irú rẹ̀ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ kan náà, orúkọ orí páálí lè yàtọ̀, oògùn inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Tí wọ́n bá ṣì ní ó tán, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tán, kí wọ́n fi déètì sí i, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí oògùn ṣe ń jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí èèyàn bá ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé.

Tí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ìwé yẹn ni ẹ ó mú lọ fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ètò náà. Èèyàn sì lè ní òun fẹ́ yí ilé ìwòsàn padà. Wọn kì í fi dè yín.

Bàbá Kẹ̀kẹ́, Ṣágámù Road

"Oògùn ṣe ń jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù" 😂 Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ pa mí.

Ìyá Ìbejì, Òwútù

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ara mi nítorí Bísọ́lá.

Sikáànù ló fi hàn pé ìbejì ni, pé Táyé dábùú. Dókítà ti sọ fún mi ní oṣù keje pé iṣẹ́ abẹ ni yóò jẹ́. Ìlera Èkó ń sanwó fún iṣẹ́ abẹ ìbímọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ara mi balẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni ti kóòdù. Mo rò pé káàdì nìkan ti tó.

Ọmọ kò dúró de ọjọ́ tí a dá. Aago méjì òru ni omi dà. Káàdì wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú bàgì ọmọ, mo sì ti di bàgì náà láti oṣù tó ṣáájú. A dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo káàdì, ó ní, "Kóòdù ńkọ́?" Ọkọ mi ń pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, nẹ́tíwọ̀kì kò lọ. Ó jáde sí ìta, ó gun orí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó na fóònù sókè bí ẹni tó ń fi àtùpà wá nǹkan. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé, ìrora mú mi, ẹ̀rín tún ń pa mí.

Dókítà kò dúró de kóòdù. Ó ní ẹ jẹ́ ká máa ṣe é. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni kóòdù tó wọlé, Kẹ́hìndé ti sunkún tán nígbà yẹn. Ọlọ́run ṣe é, dókítà yẹn ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ńkọ́?

Nítorí náà, Ìyá Bísọ́lá: tí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú pé iṣẹ́ abẹ ni, kí ilé ìwòsàn béèrè kóòdù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Kí ẹ kọ nọ́ńbà ètò náà sí ara ògiri, kó sì wà nínú fóònù méjì tí nẹ́tíwọ̀kì wọn yàtọ̀. Mo san owó pádì, owó ìwẹ̀ ọmọ àti nǹkan wẹ́wẹ́. N kò san owó iṣẹ́ abẹ. Tí mo bá ní kí n san án ni, kọ̀ńtéénà ìsọ̀ mi ni ǹ bá tà.

Ìyá Bísọ́lá, Ẹ̀bùtè

Ẹ ṣé, ìyá wa. Ọlọ́run á dá wọn sí. Ọmọkùnrin yẹn padà wá láàárọ̀ yìí. Mo ní kó bá mi lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí n san 5,000 náà níbẹ̀ lójú nọ́ọ̀sì. Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ ra omi mu. Títí di ìsinsìnyí, omi kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bàbá Kẹ̀kẹ́, Ṣágámù Road

😂😂😂

Ọmọ Ìmọ̀tà

Màmá, ẹ ṣọ́ra fún NIN o. Ibẹ̀ ni àwa ti há.

Bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Nígbà tí wọ́n gba NIN, akọ̀wé béèrè ọjọ́ ìbí, bàbá ní ọdún tí odò kún wọ abúlé ni wọ́n bí òun. Akọ̀wé kọ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, ó sì fi ọdún tó wù ú sí i. Ọdún tó wù ú yẹn sọ bàbá mi di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Èmi ọmọ wọn ti pé ogójì! Ìgbà tí a wá fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí arúgbó, kọ̀ǹpútà ní bàbá kì í ṣe arúgbó. Nọ́ọ̀sì wo bàbá, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wo bàbá. Eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu wọn. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà ni mò ń tẹ̀lé."

Gbígba NIN fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Àtúnṣe ni wọ́n ń gba owó fún, owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí sì ju ti orúkọ lọ fíìfíì. Torí náà ẹ wo ti ìyá yín nísinsìnyí, kí ẹ tó gbé wọn jáde nílé. Kí orúkọ bá ara mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí Bísọ́lá bá ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ níbì kan, tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ níbòmíràn, ìyẹn nìkan tó láti dá a padà.

Tíṣà Igbógbó

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo gbàgbé láti sọ ìyẹn.

Aláròyé

Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Mo san ọdún kan, n kò ṣàìsàn àfi ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n ní oògùn tán yẹn. Owó mi dà? Àjọ tí mo ń dá lọ́dọ̀ alájọ mi, tí oṣù bá parí, mo kó owó mi, mo fún un ní ti ọjọ́ kan. Èyí ńkọ́?

Bàbá Kẹ̀kẹ́, Ṣágámù Road

Àjọ náà ni. Ẹni tó bá ṣàìsàn ló ń kó o.

Tíṣà Igbógbó

Kì í ṣe àjọ, Bàbá Kẹ̀kẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú nìyẹn. Owó àjọ, owó ẹni ni. Ẹ rántí ọdún tí tiransífọ́mà àdúgbò wa jó? Ojúlé kọ̀ọ̀kan dá owó. Ẹni tó ní fíríìjì méjì dá a, ẹni tó ní gílóòbù kan ṣoṣo dá a. Kò sẹ́ni tó lọ bá alága ní ìparí ọdún pé, "N kò tan iná púpọ̀, ẹ dá tèmi padà." Irú owó bẹ́ẹ̀ ni. Owó Aláròyé ló gbé Ìyá Ìbejì dé yàrá iṣẹ́ abẹ.

Aláròyé

Kí Ìyá Ìbejì fi ọmọ kan ṣe orúkọ mi nígbà náà.

Ìyá Ìbejì, Òwútù

Aláròyé ọmọ Òwútù! Rárá o, ẹ ṣé 😂

Ọmọ Ìkòròdú ní Houston

Mo ń ka gbogbo yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wa níbí gún régé o. Medicaid ni wọ́n ń pe ti aláìní níbí, láti 1965 ló ti wà. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ló jọ ń gbé e. Òfin kan jáde ní 2010 tó ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ kó lè gba àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sọ ní 2012 pé kò gbọdọ̀ jẹ́ dandan fún ìpínlẹ̀ tí kò bá fẹ́. Texas tí mò ń gbé wà lára àwọn tó kọ̀. Ẹni tó ní ara líle, tí kò bímọ, kò báà má ní ju dọ́là mẹ́wàá lápò, Medicaid kò kàn án níbí. Kó sọdá ibodè lọ sí Louisiana, wọ́n á gbà á.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí èèyàn ń gbé ló ń pinnu rẹ̀, níbi gbogbo. Ti Èkó, ẹ tètè fi orúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara le. Èmi tí mo dúró dìgbà tí àpẹ́ńdíìsì mú mi, gbèsè rẹ̀ ni mo ṣì ń san.

Bàbá Kẹ̀kẹ́, Ṣágámù Road

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ pẹ̀lẹ́. Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé ó ti di dandan fún gbogbo wa ní Èkó? Ẹnìkan sọ ọ́ ní páàkì.

Tíṣà Igbógbó

Òótọ́ ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Sanwo-Olu sì fọwọ́ sí àṣẹ tirẹ̀ fún Èkó ní oṣù Keje 2024. Kò tíì sí ọlọ́pàá tó dá mi dúró ní Gárágì pé kí n mú káàdì ìlera jáde, bẹ́ẹ̀ ni n kò retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́, owó ojoojúmọ́ tí ẹ ń dá ní páàkì, ẹ kò ṣe jọ fi orúkọ sílẹ̀ pa pọ̀? Ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè ṣe é, ẹgbẹ́ awakọ̀ lè ṣe é. Tí ẹ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ẹ kàn sí wọn, wọ́n á wá bá yín níbẹ̀ dípò kí kálukú yín máa wá wọn kiri.

Bàbá Kẹ̀kẹ́, Ṣágámù Road

Ó wọ̀ mí létí. Màá bá alága sọ ọ́. Màá sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun tán.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn, ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìyá àgbà. Ìyá Bísọ́lá, 190 lórí 110 kì í dúró de káàdì. Ṣé wọ́n ń lo oògùn tí wọ́n kọ?

Ìyá Bísọ́lá, Ẹ̀bùtè

Wọ́n lò ó ní ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ní orí tó ń fọ́ àwọn ti lọ, wọ́n ní kí n tọ́jú èyí tó kù di ìgbà tó bá tún dé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Háà! Ẹ bá mi bẹ Màmá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe oògùn ibà tí èèyàn ń lò kó san, kó wá fi ìyókù pamọ́. Ojoojúmọ́ ni, orí ìbáà fọ́, kó má fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn: ara á yá èèyàn lónìí, ẹsẹ̀ kan á rọ lọ́la. Tí owó kò bá tó, ẹ padà lọ bá dókítà, kí ẹ sọ fún un láìtijú pé èyí tí kò wọ́n ni kó kọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò wọ́n tó sì ń ṣiṣẹ́ wà dáadáa. Ìtìjú yìí ló ń pa wá ju àìsàn lọ: a ó kọ́kọ́ ra oògùn olówó ńlá lẹ́ẹ̀kan, a ò sì ní rà á mọ́.

Ti Bísọ́lá: oṣù mẹ́rin yìí ló yẹ kó ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún, káàdì wá o, káàdì kò wá o. Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù fún un, nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà ní in. Tí ojú rẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ bá wú lójijì, tí orí ń fọ́ ọ tí kò lọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí òkè ikùn ń dùn ún, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Ẹ má gbé e lọ sílé àgbo. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ọ̀fẹ́ ni ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kò ní í ṣe pẹ̀lú Ìlera Èkó.

Ọmọ Ìmọ̀tà

Tí ó bá jẹ́ pàjáwìrì ńkọ́, tí ilé ìwòsàn tí orúkọ wà jìnnà? Láti Ìmọ̀tà sí Ìkòròdú, ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí.

Tíṣà Igbógbó

Èyí tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ gbé e lọ. Òfin ìlera 2014 yẹn náà sọ ọ́: ilé ìwòsàn kankan, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ẹ̀mí dúró ná. Lẹ́yìn náà kí ẹ tètè pe ètò ìlera náà, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Aláròyé

Èmi náà pe ilé ìwòsàn mi lónìí. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn tán, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n dì í mú. Mo gbọ́ tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ó padà wá, ó ní kí n wá mú oògùn mi.

N kò tíì sọ pé ètò yín dára o. Mo kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Bísọ́lá, Ẹ̀bùtè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ẹni tó ń bójú tó o, wọ́n ní ó lọ sípàdé. Mo padà lọ ní Ọjọ́bọ̀, mo bá a. Ó gba NIN Bísọ́lá, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó béèrè ibi tí a ń gbé, iṣẹ́ ọkọ, iye yàrá. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní orúkọ á lọ sókè kí wọ́n tó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Mo bi í pé nígbà wo, ó ní kí n máa wò ó lórí fóònù. Bísọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú aboyún ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 110 lórí 70. Nọ́ọ̀sì ní ó dára.

Ti ìyá mi ló há. Ọmọ Ìmọ̀tà, ẹnu yín kò gbófo: "Abọ́sẹ̀dé" ni orúkọ wọn, "Abosede" ló wà lórí káàdì ìdìbò, "Abosade" ló wà lórí NIN. Ọjọ́ ìbí tọ̀nà, orúkọ nìkan ni. A ń lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti bá wọn ra oògùn tí kò wọ́n yẹn, mo kó o sínú agolo mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn wọn, mo sì ń ka hóró rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ sí ìsọ̀. Àná, mo kà á, ó pé jù. Mo ní, "Ìyá mi, ti àná dà?" Wọ́n ní àwọn gbàgbé. Mo dúró tì wọ́n títí tí wọ́n fi gbé ti òní mì.

Ọmọkùnrin 5,000 yẹn wà ní ìsọ̀ ìyá ẹlẹ́ran ní òdìkejì wa láàárọ̀ òní, ó tún ń ṣí fáìlì. Mo ti fi fóònù mi hàn ìyá ẹlẹ́ran, mo ní kó ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè.